Kọfí fún Ilé Méjèèjì

Ní abẹ́ ilẹ̀ ilé-ìkàwé, ní Minisóta,
níbi tí páìpù omi gbígbóná ti ń kùn bí arúgbó tó ń sùn,
ni Ingunn Tveitbakk ti ṣí àpótí kọkànlá.
Yìnyín ti bo ìdajì fèrèsé kékeré tó wà lókè;
bàtà àwọn tó ń kọjá nìkan ló ń rí.

Ìwé ìpàdé ìjọ Lútérì ti Stavik ló dì mú,
ọdún 1887, èdè Nọ́wè, ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́
tó rí ṣóńṣó bí eegun ẹja.
Oṣù méjì ló fi kọ́ bí a ṣe ń kà á.

Ọ̀rọ̀ tó fa ìjọ náà ya kò gùn:
ṣé Ọlọ́run yan ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, kí ayé tó wà,
láìwo ojú ẹnikẹ́ni,
àbí ó ti wo iwájú, ó rí ẹni tí yóò gbàgbọ́,
ó wá sàmì sí i lórí?
Àgbẹ̀ ni wọ́n o. Àwọn tí ń fún wàrà màlúù ní kùtùkùtù,
tí ìgbẹ́ ẹran ò tíì gbẹ ní gìgísẹ̀ bàtà wọn,
ni wọ́n jókòó di òru,
tí wọ́n ń ka ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ síra wọn létí
bí ẹni ń ka gbèsè.

Àyànmọ́ ò gbóògùn, ni a máa ń wí nílé tiwa.
Ní Stavik, wọ́n dìbò fún un.
Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.
Ìbò kan péré.
Àwọn tó pàdánù dìde, wọ́n mú fìlà wọn,
wọ́n lọ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn sí òdìkejì ọ̀nà,
ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn
bí orogún méjì tí kì í kí ara wọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Rønneseth fẹ́ ọgọ́rin ojú-ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí.
Ingunn ti kọ mọ́kànlélógójì.
Ó mọ orúkọ gbogbo ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà,
àti ẹni tó gbá tábìlì.
Kò sí obìnrin kan níbẹ̀. Obìnrin kì í dìbò.

Àfi ní ìsàlẹ̀ àpótí, ìwé ìnáwó pélébé kan
tí ọ̀rá ti rin gbingbin:
"Kọfí, pọ́n-ùn mẹ́fà. Ṣúgà, pọ́n-ùn méjì.
Fún ilé méjèèjì."
Bergit Aasnes, ìyàwó alágogo.
Ọdún 1888. Ọdún 1889.
Ọdún 1891: "Kọfí ti wọ́n. Mo bu omi sí i."
Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ló fi gbé ìkòkò kan náà sọdá ọ̀nà,
láti ọ̀dọ̀ àwọn tí Ọlọ́run yàn lọ́fẹ̀ẹ́
dé ọ̀dọ̀ àwọn tí Ọlọ́run ti rí tẹ́lẹ̀,
ẹnikẹ́ni ò sì bi í léèrè ibi tí òun dúró sí.
Tàbí wọ́n bi í, tí kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún títí.
"Kí ni kọfí bá àyànmọ́ dá pọ̀?"
Ingunn ò rí èsì fọ̀.
Wọ́n ní kó fi obìnrin náà sí àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé,
nọ́ńbà méjìléláàádọ́fà.

Ní Sátidé, ó wa mọ́tò lọ síbẹ̀.
Ṣọ́ọ̀ṣì kan ló kù; ti òdìkejì ti di òkúta ìpìlẹ̀
láàárín pòròpórò àgbàdo.
Orvin, tó ń tọ́jú itẹ́ òkú, ń gbá yìnyín.
"Bergit? Ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n sin ín sí, láàárín méjèèjì.
Nígbà tí wọ́n fẹ ọ̀nà, wọ́n gbé e kúrò.
Ibi tí wọ́n gbé e lọ..."
Ó na ṣọ́bìrì sí ìhín, ó nà án sí ọ̀hún,
ó wá fi gúnlẹ̀.

Ó mú fúláàsì jáde nínú ọkọ̀ rẹ̀.
"Ó ti ń tutù o. Ṣé wàá mu?"
Omi pọ̀ jù nínú rẹ̀.
Ingunn mu ún tán, ó tún na ife.